Ìfun Ọ̀yà àti Ahọ́n Ọkọ Mi

Oúnjẹ kan wà tí mo kórìíra ju gbogbo oúnjẹ lọ, òun náà ni mo sì wá kiri Òkè-Ògùn bí ẹni tó sọ ọmọ nù. Ìfun ọ̀yà ni. Ọ̀yà fúnra rẹ̀ kò ṣe mí ní nǹkan kan. Ẹran igbó ni, ó dà bí eku tó sanra jù, àwọn ọdẹ a sì máa gbé e sókè létí títì láti Ìsẹ́yìn títí dé Ṣakí kí àwọn onímọ́tò lè rí i. Ẹran rẹ̀ dùn, n kò ní parọ́ mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n àwọn kan wà tó jẹ́ pé ìfun rẹ̀ ni wọ́n ń wá, wọn kì í sì í fọ inú rẹ̀. Wọ́n á ta á ní kókó lókè, wọ́n á ta á ní kókó nísàlẹ̀, wọ́n á sè é pẹ̀lú ata, irú, iyọ̀, àti gbogbo nǹkan tí ẹran náà ti jẹ kí ikú tó dé bá a. Bó bá jinná tán, wọ́n á gé e sínú abọ́, omi aláwọ̀ ewé á máa ṣàn jáde nínú rẹ̀, wọ́n á sì máa fi ẹ̀kọ tútù jẹ ẹ́. Mo ti rí àgbàlagbà tó ń lá ìka lé e lórí. Ṣíọ̀!

Ọkọ mi jẹ́ ọ̀kan lára wọn. Ahunṣọ ni, ìdí òfì ni ó ti tọ́ gbogbo àwọn ọmọ wa. Èmi ń ta òwú níwájú ilé. Gbogbo àdúgbò mọ̀ wá sí Bàbá Ìbejì àti Ìyá Ìbejì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ìbejì náà ti dàgbà, wọ́n ti kó lọ sí Ìbàdàn, wọ́n ń ṣe tiwọn. Nígbà tí Bàbá Ìbejì wà ní ọ̀dọ́, ó lọ hunṣọ lọ́dọ̀ ẹbí wọn kan ní Ṣakí, ibẹ̀ ni ó ti kó àṣà burúkú yìí bọ̀. Láti ìgbà tí mo ti wọlé rẹ̀ ni a ti ń jà lé e lórí.

"Koríko ni, Ìyá Ìbejì," ni ó máa ń wí. "Ọ̀yà kì í jẹ ìdọ̀tí. Koríko lásán ni ó wà níbẹ̀."

"Koríko tó ti wọnú ẹran, tó ti ń wá ọ̀nà ìdí lọ, Bàbá Ìbejì, orúkọ tí wọ́n ń pè é kì í ṣe koríko mọ́."

Àdéhùn wa ni pé kò gbọdọ̀ wọ inú ìkòkò mi. Bó bá fẹ́ jẹ ẹ́, kó jẹ ẹ́ síta, kó sì fọ ẹnu rẹ̀ kó tó bá mi sọ̀rọ̀. Ó ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ọkùnrin tó ní sùúrù ni.

Lásìkò ọyẹ́ èṣí ni àìsàn kan kọlù ú. Ibà ni, pẹ̀lú ọ̀fìnkìn tó dí i nímú pa. Ibà lọ, ọ̀fìnkìn lọ, a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n láàárọ̀ ọjọ́ kan ó mu ògì, ó ní n kò fi ṣúgà sí i. Mo fi sí i. Lọ́sàn-án, ó ní ọbẹ̀ kò níyọ̀. Mo da díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, mo lá a, iyọ̀ wà níbẹ̀ dáadáa. Inú bí mi. Mo rò pé ó ti rí obìnrin mìíràn tó ń se ọbẹ̀ fún un níta, pé bí wọ́n ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Mo bá a yan odì, kò sì mọ ohun tó ṣe.

Ẹ̀wà ló tú àṣírí náà. Mo gbé e kaná, mo ní kí Bàbá Ìbejì bá mi máa wò ó, mo jáde lọ dá oníbàárà kan lóhùn. Oníbàárà náà ló kọ́kọ́ yínmú. Kí n tó sáré wọlé, òórùn ẹ̀wà tó jó ti gbalé kan, ẹ̀wà ti di èédú, ọkọ mi sì jókòó ti sítóòfù náà, ó kẹ́yìn sí i, ó ń tú òwú tó lọ́. Mo fi igbe ta. Ó bojú wẹ̀yìn, ó ní, "Ẹ̀wà ń jó kẹ̀?" Ìgbà yẹn ni ojú àwa méjèèjì là. Imú rẹ̀ ti kú, ó sì ti mú ahọ́n lọ.

Dókítà tó yẹ̀ ẹ́ wò ní ó lè padà, ó sì lè má padà. Pé kò sí oògùn kan pàtó fún un, kó ṣáà máa jẹun. Ó rọrùn lẹ́nu dókítà. Ẹni tí kò mọ adùn, tí kò mọ ìkorò, báwo ni yóò ṣe máa jẹun? Bàbá Ìbejì ní bí òun bá gbé òkèlè sẹ́nu, bí ẹni pé òun ń jẹ aṣọ ni. Yóò jẹ díẹ̀, yóò ní ó ti tó. Kò pẹ́ tí egungun àyà rẹ̀ fi ń yọ. Ṣòkòtò rẹ̀ kò dúró nídìí mọ́. Bó bá jókòó sídìí òfì, kò ní tíì hun tó ìbú àtẹ́lẹwọ́ tí yóò fi dìde, yóò lọ dùbúlẹ̀. Ẹ̀rù bà mí gidigidi. Mo ń wò ó bó ti ń sùn lọ́sàn-án, ojú rẹ̀ ti jìn, mo sì ń bi ara mi bóyá ó ń mí. Oúnjẹ kún ilé wa, ebi sì fẹ́ pa ọkọ mi.

Àwọn alámọ̀ràn dé. Ọ̀kan ní kí n gún atalẹ̀, kí n kán omi rẹ̀ sí i nímú. Ọ̀kan ní kó máa jẹ ata wẹẹrẹ ní tútù. Ó jẹ ẹ́, omijé ń dà lójú rẹ̀, ó ní ó ń ta òun ṣùgbọ́n òun kò mọ̀ pé ata ni. Ìyá kan tí mo bọ̀wọ̀ fún gbé nǹkan dúdú kan wá nínú ìgò, nǹkan kékeré kan sì ń lúwẹ̀ẹ́ nínú rẹ̀. Mo kúnlẹ̀, mo dúpẹ́, mo dà á sí kòtò nígbà tó lọ tán. N kò lè jẹun títí ilẹ̀ ọjọ́ náà fi ṣú.

Bàbá Ìbejì fúnra rẹ̀ ló wá dárúkọ nǹkan tí mo ti ń bẹ̀rù pé yóò dárúkọ.

"Ìfun ọ̀yà," ó ní. "Bí nǹkan kan bá máa jí ahọ́n yìí, òun ni. Ìkorò rẹ̀ máa ń gbá ènìyàn ní ìpàkọ́ ni. Ṣùgbọ́n èyí tó dára ni o, kì í ṣe yẹ̀yẹ́."

Mo ní kò burú, màá rán ènìyàn.

"Ta ni o máa rán tó máa mọ èyí tó dára? Èmi gan-an ò lè mọ̀ ọ́n mọ́. Ìwọ ni o máa tọ́ ọ wò fún mi."

Mo wò ó bóyá ó ń ṣe àwàdà. Kò ṣe àwàdà. "Ahọ́n rẹ ni mo fẹ́ yá," ó ní, ó sì gbójú sílẹ̀, nítorí pé kì í ṣe ẹni tó ń tọrọ nǹkan. Mo wọ yàrá lọ, mo bú u tẹ́rùntẹ́rùn, mo tún jáde wá, mo ní, "Ó dáa, Bàbá Ìbejì. Màá lọ."

Ibi àkọ́kọ́ kò jìnnà, ẹ̀gbẹ́ gáréèjì níhìn-ín ní Ìsẹ́yìn ni. Obìnrin tó ń tà á ní àkísà kan léjìká. Òun ló fi ń nu abọ́. Òun ló fi ń nu òógùn. Ó fi nu imú ọmọ tó pọ̀n sẹ́yìn lójú mi báyìí, ó dá a padà sí èjìká, ó sì na ọwọ́ mú abọ́ tó fẹ́ fi bù ú fún mi. Mo ní rárá o, kó bù ú sínú kúlà tí mo gbé láti ilé. Ó wò mí láti òkè délẹ̀. N kò jókòó. Mo dúró bẹ́ẹ̀, mo di imú, mo fi eyín iwájú gé etí ìfun náà, mo sì ń dúró de ìríra. Kò dé. Ẹ̀fọ́ ni mo gbọ́ lẹ́nu, ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ pẹ̀lú ata.

Inú mi dùn, mo gbé e lọ sílé. Bàbá Ìbejì ní kí n sọ bó ṣe rí lẹ́nu mi.

"Kò burú rárá," ni mo wí. "Bí mo bá ti mọ̀ pé bó ṣe rí nìyí, n kì bá tí máa bá yín jà."

Ó rọra ti abọ́ náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Ó ti fọ inú rẹ̀ dànù, ó wá ki ẹ̀fọ́ bọ̀ ọ́. Ìyá Ìbejì, bí kò bá rí ọ lára, kì í ṣe òun."

Bí ìríra mi ṣe di òṣùwọ̀n nìyẹn. Mo padà lọ bá obìnrin gáréèjì náà, kò tilẹ̀ jiyàn. Ó ní àwọn èrò ọkọ̀ òde òní ò lè fara da ti gidi mọ́, pé ẹ̀fọ́ ni wọ́n fẹ́, wọ́n kàn fẹ́ máa fọ́nnu pé àwọn jẹ ìfun ọ̀yà ni. Èmi tí n kò fẹ́ fojú kan nǹkan náà ni mo wá dúró láàárín gáréèjì tí mò ń pariwo mọ́ ọn pé oúnjẹ rẹ̀ kò rí ni lára tó. Ó ní ṣé orí mi pé. Mo ní kì í ṣe pé ó dọ̀tí nìkan, ó tún wá fi èrú sí ìdọ̀tí.

Wọ́n sọ fún mi pé ọkùnrin kan wà ní Tẹ̀dé tó ń tà á. Mo wọ mọ́tò lọ. Kí a tó débẹ̀, dẹ́rẹ́bà dúró lọ́nà fún ọdẹ kan tó gbé ọ̀yà sókè, ó ní bóyá kí n kúkú ra odindi. Mo yọjú lójú fèrèsé.

"Ṣé ẹ dúńbú rẹ̀?" ni mo bi ọdẹ náà.

"Ìyá, mo ṣe Bísímílàhì kí n tó yìnbọn."

"N ò bi yín léèrè Bísímílàhì ìbọn. Ọ̀bẹ ń kọ́?"

Ó ní ọ̀yà náà ò dúró de ọ̀bẹ. Òkúǹbete nìyẹn, mo sì ní kí dẹ́rẹ́bà máa lọ. Ohun tó wà nínú ìfun kò ba Bàbá Ìbejì lẹ́rù, ṣùgbọ́n ẹran tó kú kí ọ̀bẹ tó kàn án, bó bá gbọ́ ọ lásán, yóò máa tutọ́ káàkiri ilé ni. Èmi àti òun máa ń ta ko ara wa lórí ohun tó ń rí ni lára, ṣùgbọ́n lórí ìyẹn, ohùn wa ṣọ̀kan.

Ọkùnrin Tẹ̀dé náà ń dúńbú tirẹ̀ ní ti gidi, mo fi ojú ara mi rí i. Ohun mìíràn tí mo tún fi ojú ara mi rí ni bàsíà omi kan tó ti fi ń ṣan gbogbo nǹkan láti àárọ̀: ọ̀bẹ, ọwọ́, abọ́, irun ẹran. Omi náà ti ki. Nígbà tí kò bá fi omi náà ṣan ọ̀bẹ, ara itan rẹ̀ ló ti ń nù ún. Eṣinṣin wà lára ẹran, wọ́n wà lára ọmọnìyàn, wọ́n wà létí ife. Ó ń lé wọn bí ẹni tí kò fẹ́ kí wọ́n bínú. Mo ti búra pé màá ṣe é, mo bá pa ojú dé, mo gé ìfun náà jẹ.

Ìríra dé kíá, mo sì ń yọ̀, pé ọwọ́ ti bà á. Ṣùgbọ́n nǹkan mìíràn wà lábẹ́ ìkorò yẹn. Òórùn oògùn ni, irú èyí tí àwọn àgbẹ̀ ń fín sóko láti pa koríko. Mo mọ̀ ọ́n dáadáa, nítorí pé aládùúgbò wa kan ń kó o pamọ́ sí yàrá tó fara ti tiwa. Mo tu ú dànù, mo ra omi inú ọ̀rá, mo fi yọ ẹnu títí ó fi tán.

"Níbo ni ọ̀yà yìí ti jẹko?" ni mo bi í.

"Oko ẹ̀gẹ́ kan níhìn-ín ni."

"Wọ́n ti fín oògùn síbẹ̀!"

"Ìyá, gbogbo oko ni wọ́n ń fín oògùn sí báyìí. Ṣé kí ọ̀yà máa gbààwẹ̀ ni?"

Mo da èyí tó kù sílẹ̀ lójú rẹ̀. Ajá kan wá gbóòórùn rẹ̀, ó sì yà lọ.

Ó ku Ṣakí. Àbúrò ọkọ mi kan ń gbé ibẹ̀, Ọkọ Kékeré ni mo máa ń pè é, ó ń tún ọ̀kadà ṣe. Nígbà tí mo sọ ohun tí mo bá wá fún un, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. "Ìyàwó wa, ẹ̀yin? Ìfun ọ̀yà?" Ó wá wo ojú mi, ẹ̀rín náà sì tán. Ó ní, "Ṣé ara bọ̀ọ̀dá mi ti wá le tó bẹ́ẹ̀ ni?" Mo ní bó ṣe le tó nìyẹn. Ó fọ ọwọ́ rẹ̀, ó gbé mi sẹ́yìn ọ̀kadà, ó di ẹ̀yìn poli, níbi tí ìyá arúgbó kan ti ń tà á fún àwọn ọmọ ilé-ìwé.

N kò rí ẹ̀gàn kankan fi kan ìyá náà, ìyẹn gan-an ló wá bí mi nínú. Ilẹ̀ rẹ̀ mọ́. Abọ́ rẹ̀ ń dán. Ọ̀yà wà láàyè nínú àgò, ó ń jẹ koríko tútù, ojú mi ni wọ́n sì ṣe dúńbú rẹ̀. Omi tó fi fọ ọwọ́ mọ́ ju èyí tí ẹlòmíràn ń mu lọ. Gbogbo ìmọ́tótó yìí, nítorí kó lè di ìfun náà lókè àti nísàlẹ̀ dáadáa kí ohun tó wà nínú rẹ̀ má baà ṣòfò! Òwú funfun ló fi so ó, irú èyí tí mò ń tà gan-an. Mo rí òwú náà bó ṣe ń yí po nínú ìkòkò, ojú sì tì mí fún un.

Mo gé e. Ó bẹ́ sí mi lẹ́nu. Ó gbóná, ó ń ṣe wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ láàárín eyín bí ẹrẹ̀ etí odò. Ìkorò rẹ̀ kò kánjú. Ó kọ́kọ́ gba abẹ́ ahọ́n lọ, ó dé ọ̀fun, ó wá yọ sí mi nímú, ó sì mú òórùn àgbàlá tí wọ́n so ewúrẹ́ mọ́ lásìkò òjò dání. Mo sáré jáde, mo bì sẹ́yìn ahéré náà. Àwọn ọmọ poli tó wà níbẹ̀ ń fi mí rẹ́rìn-ín, ọ̀kan nínú wọn sì ń fi búrẹ́dì nu abọ́ tirẹ̀ mọ́ bó ti ń rẹ́rìn-ín náà. Mo nu ẹnu mi, mo padà wọlé.

"Òun nìyí," ni mo wí fún Ọkọ Kékeré. "Ẹ ní kí wọ́n dì í fún mi."

Mo gbé kúlà náà sórí itan láti Ṣakí dé Ìsẹ́yìn, mo sì kọ ojú sí fèrèsé. Bàbá Ìbejì ti wẹ̀ nígbà tí mo dé, ó ti wọ aṣọ mímọ́. Aṣọ mímọ́, nítorí ìfun! Ó ní kí n sọ bó ṣe rí. Mo sọ ọ́ láìfi nǹkan kan pamọ́, títí kan ẹ̀yìn ahéré.

"O bì?" Ojú rẹ̀ tàn.

"Mo bì, Bàbá Ìbejì."

"Alihamudulilahi," ó ní, ó sì bu ọwọ́ sí i.

Ó jẹ ẹ́. Ó pa ojú dé. Mo ń wo ọ̀fun rẹ̀ bó ti ń lọ sókè sódò. Ó mú òmíràn. Ó ń jẹ ẹ́ lọ, jíjẹ rẹ̀ ń falẹ̀ díẹ̀díẹ̀, títí tó fi dúró. Ó la ojú, ó wò mí bí ẹni tó fẹ́ tú ọ̀fọ̀ fún mi.

"Ó rọ̀," ó ní. "Ìyá náà mọ̀ ọ́n sè."

Rírọ̀ nìkan ló mọ̀. Ó tún yára sọ pé bóyá ó ti tutù lójú ọ̀nà ni, pé orí iná ló yẹ kí ènìyàn ti jẹ ẹ́. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, orí iná ni. A ń tan ara wa, àwa méjèèjì sì mọ̀. Lọ́jọ́ kejì kò fẹnu kan ògì, ó ní òun kò rí ìdí tí òun ó fi máa gbé nǹkan mì. Mo jókòó sáàárín òwú mi níwájú ilé, mo sunkún bí ọmọdé. Mo sọ fún àwọn oníbàárà pé eruku òwú ló kó sí mi lójú.

Nígbà tí ẹkún náà tán, ìbínú ló kù. Mo ní bó bá jẹ́ orí iná ló fẹ́, orí iná ni yóò ti jẹ ẹ́. Màá sè é nínú ilé mi, nínú ìkòkò mi, màá wá fọ́ ìkòkò náà lẹ́yìn rẹ̀. Mo pe Ọkọ Kékeré kó bá mi gba èyí tí wọn kò tíì sè lọ́wọ́ ìyá ẹ̀yìn poli, ṣùgbọ́n nẹ́tíwọ̀kì kò jẹ́ kó wọlé. Mo bá tẹ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí i: "E ba wa ra ifun saki, tutu ni o. E fun dereba ko gbe e wa. Baba Ibeji fe je."

Ta ló ń fi àmì sórí ọ̀rọ̀ nínú fóònù? Èmi mọ ohun tí mo kọ. Ìfun Ṣakí ni mo kọ, ìfun ti ìlú Ṣakí. Ṣùgbọ́n Ṣakí ni ẹni tí mo kọ ọ́ sí ń gbé. Kò sí ará Ṣakí tó ń so orúkọ Ṣakí mọ́ ohun tó fẹ́ rà nílé ara rẹ̀. Ìfun àti ṣàkì ló kà, ìfun màlúù àti àpò ikùn màlúù, èyí tí àwọn obìnrin ń rà lọ́wọ́ ẹlẹ́ran. Inú rẹ̀ dùn, ó ní bọ̀ọ̀dá òun ti ń bèèrè ẹran. Ó lọ síbi tí wọ́n ti ń pa màlúù, ó ra púpọ̀, kò fọ̀ ọ́, nítorí mo ti ní tútù ni. Ó dì í sínú ọ̀rá, ó ki ọ̀rá bọ àpò, ó fún dẹ́rẹ́bà.

Mọ́tò náà bàjẹ́ lọ́nà. Ó sun ojú ọ̀nà, oòrùn ọjọ́ kejì sì bá a níbẹ̀ kí wọ́n tó tún un ṣe. Nígbà tí dẹ́rẹ́bà fi máa dé ẹnu ọ̀nà wa, ó fi ìka méjì gbé àpò náà jáde nínú búùtù, ó nà án síwájú, ó sì gbójú sí ẹ̀gbẹ́ kan. "Ìyá, ẹ má bínú o," ó ní. "Àwọn èrò mi fẹ́rẹ̀ẹ́ lù mí. Ẹ má fún mi ní irú ẹrù yìí mọ́ láéláé." Ó lọ láìdúró gba ẹ ṣeun.

Mo wọ́ ọ lọ sí ẹ̀yìnkùlé, mo tú u. Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí n tún rí irú rẹ̀. Ó ti wú. Omi dúdú kan ti jáde lára rẹ̀, ó ń hó pẹ́lẹ́pẹ́lẹ́ láìsí iná. Ṣàkì náà nà bí aṣọ inura tí wọ́n gbàgbé sínú omi ìdọ̀tí, ìgbẹ́ màlúù sì wà lára rẹ̀ ní kókókó. Ara mi bù máṣọ. Mo fà sẹ́yìn, mo fi igbá bò ó, òórùn náà gba abẹ́ igbá jáde. Mo pe Ọkọ Kékeré, lọ́tẹ̀ yìí ó wọlé.

"Kí lẹ fi ránṣẹ́ sí wa?"

"Ohun tí ẹ ní kí n rà náà ni, Ìyàwó wa. Ìfun àti ṣàkì."

"Ta ló ní ṣàkì? Ṣakí ni mo wí! Ìfun Ṣakí! Ti ìyá ẹ̀yìn poli!"

"Ṣakí kẹ̀? Ṣebí Ṣakí ni mo wà? Ibo ni mo tún ti fẹ́ ra ti Ṣakí?"

"Ẹ̀yin, ẹ ò ronú pé—"

"Ìyá Ìbejì!" Ohùn ọkọ mi ni, láti inú yàrá.

Mò ń bá àbúrò rẹ̀ jà lọ.

"Ìyá Ìbejì, kí ló kú sẹ́yìn ilé wa?"

"Kò sí ohun tó kú!" ni mo kígbe. "Àbúrò yín ló lọ ra—"

Bàbá Ìbejì ti jáde. Ó fi ọwọ́ kan di ògiri mú, ó sì fi èkejì fa etí aṣọ bo imú. Ó fún ojú pọ̀, ètè rẹ̀ yí. Láti ìgbà ọyẹ́, n kò rí i kí ojú rẹ̀ ṣe bẹ́ẹ̀ sí nǹkan kan.

"Gbé e sọnù!" ó ní. "Irú òórùn wo nìyí?"

"Ẹ ń gbọ́ ọ?"

"Ta ni kò ní gbọ́ ọ? Ìwọ ò gbọ́ ọ ni?"

Mo ṣí igbá náà. Mo gbé àpò náà lọ́wọ́ méjèèjì, omi rẹ̀ ń ro sí mi lẹ́sẹ̀, mo sì gbé e lọ bá a. Ó fà sẹ́yìn. Mo tún sún mọ́ ọn. Ó ní ṣé mo ya wèrè ni, ó bẹ̀ mí, ó pè mí ní orúkọ tí kò pè mí rí láti ìgbà tí a ti fẹ́ ara wa, n kò gbé e sílẹ̀. Ó tẹ̀ kọdọrọ sídìí ògiri, ó sì bì, ìwọ̀nba omi tó wà nínú rẹ̀. Ó fọwọ́ ti eékún. Lẹ́yìn náà ó gbé ojú sókè, ó ń fi ahọ́n wá inú ẹnu rẹ̀ kiri.

"Ó korò," ó ní.

Mo ju àpò náà sílẹ̀, mo jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ èébì rẹ̀ lórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀, mo di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú, mo ní kó tún un sọ.